Àgọ́ Pòròpórò Alfa Zúbàírù

Ṣùháíbù fi ìka méjì mú ewé àárín àgbàdo, ó fà á. Ó jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni yọ irun nínú ọbẹ̀. Ìdí ewé náà ti rà. Ó gbé e sí imú. Òórùn rẹ̀ dà bí omi ẹran tó sùn sílẹ̀.

Ó fa òmíràn. Ó jáde. Ó kọjá sí poro kejì, ó fà. Ó jáde.

Kò pariwo. Ta ni ì bá pariwo pè? Ẹni tó yẹ kó pè ti wà nínú ilẹ̀ láti inú ààwẹ̀.

Alfa Zúbàírù ni bàbá rẹ̀. Ará Ìlọrin ni baba tó bí baba Alfa, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí Alfa sí, Kumasi náà ni wọ́n sin ín sí. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀ ní Aboabo, àdúgbò rẹ̀, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Láàárọ̀, á kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Bí oòrùn bá ti yọjú dáadáa, ó ti wọ mọ́tò, ó di oko, lójú ọ̀nà Offinso. Àwọn alfa ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Zúbàírù, àwa ń retí sàráà, ìwọ ń retí òjò!" Á ní: "Sàráà yín kì í dé lójoojúmọ́. Ebi ń dé lójoojúmọ́."

Ṣùháíbù kò fẹ́ràn oko. Kò jìnnà nílé ìwé, ó kọ́ṣẹ́ fítà ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ó sì mọ iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì kì í tan èèyàn jẹ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, o tú u, o rí ohun tó ṣe é. Oko ni kò yé e. Bí bàbá rẹ̀ bá ní kó wá bá òun ro oko, á ní ọ̀gá òun ò ní gbà. Ọ̀gá rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú ààwẹ̀, Alfa jẹ sààrì tán, ó ní àyà ń dun òun. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ó ti papòdà. Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí àlàyé mìíràn.

Níbi fídáù, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú, ó jókòó ti àwọn obìnrin. Maame Abena ni, ìyá Àṣàǹtí tó ni ilẹ̀ tí Alfa fi ń dáko. "Due, due," ló ń sọ, báwọn Àṣàǹtí ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí èrò túká, ó pe Ṣùháíbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bá a sọ èdè Twi.

"Bàbá rẹ ni mo fún nílẹ̀. Èmi àti ẹ ò tíì sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti wá sọ́dọ̀ mi torí ilẹ̀ náà."

"Maame, mo máa dá oko náà."

"Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé òróró ọkọ̀ ló wà léèékánná ẹ?"

"Mo máa dá a, Maame."

Ó wò ó títí. "Alfa kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mi sùn, ó sì ń fún mi ní ìpín mi nínú ìkórè. Màá wò ọ́. Ilẹ̀ tó bá so àgbàdo, ó di tìẹ. Èyí tí kò bá so àgbàdo, ilé ni yóò so."

Ṣùháíbù fi iṣẹ́ Magazine sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣé orí ẹ̀ dára.  Kí ló kù lára baba? Alfa mìíràn ti gba àwọn ọmọ kéú. Àwọn àbúrò ti pín agbádá. Oko nìkan ló kù. Bí oko bá lọ, baba lọ tán nìyẹn.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá nìkan lọ, ó bá àgọ́ kan lórí oko, lábẹ́ igi máńgòrò. Pòròpórò àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é: wọ́n tò ó lóòró, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n fi òmíràn bò ó lórí. Ibẹ̀ ni Alfa ti máa ń kí ìrun ọ̀sán àti ìrun ìrọ̀lẹ́. Ẹní ìkírun ṣì wà lórí èèkàn. Tẹ̀sùbáà wà lókè rẹ̀. Kẹ́tù àlùwàlá wà nílẹ̀, omi díẹ̀ sì kù nínú rẹ̀, omi tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ bù.

Ṣùháíbù wọlé, ó jókòó. Àgọ́ náà ń gbóòórùn bàbá rẹ̀: èéfín, òógùn, lọ́fínńdà mìsíkì. Níbẹ̀ ló ti sunkún. Kò sun ún nílé, kò sun ún ní itẹ́ òkú. Inú pòròpórò ló ti sun ún, bí ọmọ kékeré.

Ibẹ̀ ni Kwaku ti bá a. Oko Kwaku àti tiwọn jọ pààlà, ọjọ́ orí wọn ò sì ju ara wọn lọ. Ó mú ìṣáná lọ́wọ́, ó gbé kókò sí abíyá.

"Ṣùhá, due o. Mo ní kí n wá bá ẹ sun nǹkan yìí. Ọdọọdún ni Alfa ń sun ún kí òjò tó dé. Inú iná ẹ̀ la ti ń sun kókò jẹ."

"Sun kí ni?"

"Àgọ́ yìí. Alfa ní—"

Kò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ọkọ́ ló fà yọ. "Ilẹ̀ bàbá mi ò tíì gbẹ, o mú ìṣáná wá! Fọwọ́ kan pòròpórò kan níbí, kó o rí i bóyá èmi àti ẹ ò ní jọ jóná!"

Kwaku wo ọkọ́, ó wo ojú ẹni tó dì í mú. Ó fi ìṣáná sápò. "Ó dáa, fítà. Tọ́jú àgọ́ ẹ." Ó gbé kókò rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wọn, ìyẹn náà láti òkèèrè.

Ọyẹ́ tó ṣáájú ààwẹ̀ ọdún yẹn kò mú. Òtútù kò bá ẹnikẹ́ni lórí ẹní. Òjò àkọ́rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ààwẹ̀, òjò ńlá, gbogbo èèyàn sáré gbìn. Ṣùháíbù náà gbìn. Àgbàdo hù, ó yọ ewé, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò.

Òjò bá dáwọ́ dúró, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Oòrùn gba ilẹ̀. Ewé ká bí ẹní. Bí Ṣùháíbù ṣe ń pọn omi odò sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń mu ún, tí kò dúpẹ́. Àgbàdo àkọ́gbìn kú. Iléyá kọjá kí òjò tó padà, Ṣùháíbù sì tún gbin òmíràn. Àwọn àgbà oko ní òjò kì í ṣe báyìí látijọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá gbìn pẹ̀lú òjò àkọ́kọ́ látijọ́, àgbàdo rẹ̀ á ti le kí kòkòrò tó pọ̀. Ó gbọ́ ọ. Kí ni yóò fi gbígbọ́ ṣe? Kì í ṣe òun ló ń rọ òjò.

Àgbàdo kejì dára lójú. Ó dúdú, ó ga dé orúnkún. Lẹ́yìn náà ni ihò wẹ́wẹ́ yọ lójú ewé, wọ́n tò ní ìlà kan bí ojú abẹ́rẹ́. Ó rò pé tata ni. Ó gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, ó fín apakòkòrò, ó tún un fín. Ewé ń dán. Ṣùgbọ́n ewé tó ń dán náà ń jáde wẹ́rẹ́ bó bá fà á. Èyí tó yè yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Atẹ́gùn fẹ́, ó dá ní ìdajì.

Wọ́n ní àgbàdo lọ sóko ní ìhòhò, ó sì gbé igba aṣọ bọ̀, ó gbé igba ọmọ bọ̀. Lọ́dún yìí ó wọ aṣọ bọ̀. Kò gbé ọmọ bọ̀.

Lọ́jọ́ tó ń fa ewé yìí, ó fà á títí oòrùn fi dé àtàrí. Lẹ́yìn náà ó gbé ìtìjú jù sílẹ̀, ó gba ọ̀nà oko Kwaku.

Kwaku ń ro ìdí ẹ̀gẹ́. Ó rí i, kò dá ọwọ́ dúró.

"Kwaku, o kú iṣẹ́."

"Fítà! Ọkọ́ ńkọ́? O ò mú un dání?"

"Mo fi í sílẹ̀."

"Ó dáa. Ìdúró la máa fi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, kì í ṣe eré."

Ṣùháíbù kò rẹ́rìn-ín. Ó na ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àgbàdo mi ń kú."

Kwaku wo ewé náà, ó wo Ṣùháíbù. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Mo mọ̀. Tèmi tó wà níhà tìẹ náà ń kú. Mo ti ń bú ẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o kàn ò gbọ́ ni."

Wọ́n jọ padà. Kwaku yan igi àgbàdo kan, ó fi àdá là á lóòró. Inú rẹ̀ ti di ihò, ìgbẹ́ kòkòrò kún un bí èékú pákó. Kòkòrò kan nà gbalaja níbẹ̀, ara rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ dúdú, bí ẹni tó san owó ilé.

"Mo fín ògùn," ni Ṣùháíbù wí.

"O fín in síta. Ẹni tó wọ yàrá tó tilẹ̀kùn, ṣé òjò ń pa á? Ọjọ́ tí ẹyin rẹ̀ bá pa lórí ewé nìkan lo lè rí i mú. Bó bá ti wọ inú igi, ṣálè, ọ̀rẹ́ mi, sípánà ò tú èyí."

"Níbo ló ti wá?"

 Kwaku fi àgbọ̀n nà sí ọ̀kánkán, síbi igi máńgòrò.

Ṣùháíbù mọ ibi tó ń nà sí.  Wọ́n rìn débẹ̀. Kwaku dúró lẹ́nu àgọ́. "Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án lónìí?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kwaku yọ pòròpórò kan níta, níbi tí òjò ti lù ú. Ó là á. Ihò ni, òfìfo, àti èèpo pẹlẹbẹ tí kòkòrò bọ́ sílẹ̀ kó tó di àfòpiná tó fò lọ. Ó là òmíràn. Òfìfo. "Àwọn wọ̀nyí ti jáde. Òjò àkọ́kọ́ jí àwọn kan, òjò kejì jí àwọn tó kù. Ìgbà tí tìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ewé lọ́mọdé ni wọ́n dé. O gbé oúnjẹ ka iwájú wọn."

Ó wá wọ inú, ó yọ ọ̀kan lára ògiri ìhà ìlà-oòrùn, ògiri tí Alfa máa ń kọjú sí bó bá ń kírun. Gbígbẹ ni, omi kò kàn án rí. Ó là á. Kòkòrò wà níbẹ̀. Ó funfun, ó ká jọ. Kwaku fi ẹnu àdá tọ́ ọ. Ó mira díẹ̀.

"Kò kú?"

"Ó ń sùn. Alfa ló fi hàn mí. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń sùn nínú pòròpórò, omi ló ń jí wọn. Òjò ò tíì kan èyí. Kò mọ̀ pé ọdún ti yí."

Ṣùháíbù jókòó sílẹ̀. Kò jókòó lórí ẹní. Ilẹ̀ lásán ni.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ. Ọkọ́ ló dá mi lóhùn."

 Ṣùháíbù ti rò pé bàbá òun lòun ń ṣọ́. Kòkòrò lòun ń ṣọ́. Òun ló gbálẹ̀ fún wọn, òun ló di àgọ́ lókùn nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ tú u, òun ló jókòó sí àárín wọn tó ń sunkún.

Wọ́n ń bẹ níbẹ̀ nígbà tí Maame Abena dé, ó fi agboòrùn tilẹ̀. Bóyá ẹnìkan ti sọ fún un, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mọ̀. Ó rìn wọ àárín poro kan, ó jáde ní òmíràn. Ó já àgbàdo kan, ó bó o. Ṣùkù tínrín, eyín méjì mẹ́ta bí ẹnu arúgbó.

"Èyí ni ìpín mi?"

"Maame, ẹ forí jì mí."

"Mi ò bínú. Kí ni màá fi ìbínú sè? Ọjọ́ Ajé ni àwọn oníbúlọ́ọ̀kù máa wá wọn ilẹ̀."

Ṣùháíbù kúnlẹ̀. Ìkúnlẹ̀ kì í ṣe àṣà ọkùnrin Yorùbá, ìdọ̀bálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣe é. "Maame, ẹ jẹ́ kí n gbin àrọ̀kúrò. Àrọ̀kúrò yìí nìkan. Mo ti rí ohun tó ṣe é."

"Kí lo rí?"

Kwaku gbé pòròpórò tó là hàn án. Ìyá náà tẹ̀ sí i, ó wò ó, ó tutọ́ sílẹ̀. Ó wo àgọ́. "Nǹkan yìí wà níbí di òní? Alfa kì í jẹ́ kó rí òjò." Ó yíjú sí Ṣùháíbù. "Ìwọ lo fi í sílẹ̀?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

Ó wo inú àgọ́. Maame Abena rí ẹní lórí èèkàn, ó rí tẹ̀sùbáà, ó rí kẹ́tù. Kò tún béèrè mọ́. 

"Gé èyí tó dúró yìí kúrò, gbogbo ẹ̀. Sun ún. Sun àgọ́ yẹn náà. Bí mo bá padà wá tí mo rí igi kan, máa lọ sí Magazine ẹ. Màá ní kí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù dúró de àrọ̀kúrò. Mi ò ní kí wọ́n máa lọ o. Mo ní kí wọ́n dúró."

Nílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Àìṣátù ni orúkọ ìyá náà. Opó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kò tíì jáde lọ ibì kankan. Ó ń fẹ́ ìrẹsì lórí atẹ nígbà tí ọmọ ń ṣàlàyé. Nígbà tó dé ibi iná, ó dúró, kò lè sọ ọ́.

"O fẹ́ sun àgọ́," ni ìyá wí.

"Ìyá mi, mọ́sálásí wọn ni."

"Àjàdí," oríkì rẹ̀ ló fi pè é, "ṣé o mọ ohun tí bàbá ẹ máa ń sọ bí ó bá ń sun ún? Mo bá wọn débẹ̀ nígbà tí mo ṣì lókun. Á ní, 'Àìṣátù, kòkòrò ń sùn níbẹ̀, ìyẹn kan. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó tún pẹ́ kó di ohun tí mò ń bọ. Ibi ìkírun téèyàn ò lè wó, ó ti di òrìṣà.'"

Ṣùháíbù fi ọwọ́ bo ojú.

"Màá bá ẹ lọ," ni ìyá wí. "Oko ọkọ mi ni màá kọ́kọ́ jáde lọ."

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ṣùháíbù àti Kwaku ń gé e láti ìdí, wọ́n ń kó o jọ yí àgọ́ ká. Igi tútù kì í jó. Wọ́n ní láti sá a sóòrùn, òjò sì tún ń wá lù ú nígbà tí kò sẹ́ni tó pè é. Lọ́jọ́ tó gbẹ tán, ìyá wọ inú àgọ́, ó gbé ẹní jáde, ó gbọ̀n ọ́n. Ó gbé tẹ̀sùbáà. Ó gbé kẹ́tù, ó mì í, ó rí i pé omi wà nínú rẹ̀. Ó gbé e fún ọmọ. Ṣùháíbù wò ó, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ìgbà tó yá, ó fi ṣe àlùwàlá. Omi náà kò tó ẹsẹ̀.

Kwaku na ìṣáná sí i. "Ìwọ ni kó ṣá a. Mo ti kọ́gbọ́n."

Ó ṣá a. Iná kọ́kọ́ lọ́ra, lẹ́yìn náà ó gbà á pọ̀. Pòròpórò ń ta pá, ó ń ta pá. Ṣùháíbù dúró súnmọ́ ọn títí irun apá rẹ̀ fi ń rùn, ìyá sì fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn. Àgọ́ tẹ̀ síhà ìlà-oòrùn, ó wólẹ̀. Kwaku kò mú kókò wá lọ́jọ́ yẹn.

Iná kú, ojú ọ̀run hàn níbi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Kò sí òórùn bàbá mọ́. Eérú ni.

Àrọ̀kúrò dé. Ṣùháíbù rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà oko, kò dúró kí ilẹ̀ mu omi yó. Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rẹ ilẹ̀ náà ló gbìn. Kwaku ní kó gbin ẹ̀wà sáàárín rẹ̀, kó lè da ojú àfòpiná rú, ó gbìn ín. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, lẹ́bàá odò, àwọn kan wà tí wọn ò dáwọ́ gbígbin àgbàdo dúró láti ẹ̀ẹ̀rùn, torí àwọn tó ń sun àgbàdo tà nígboro. Ó ti lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ní kó lọ sinmi. Àfòpiná kò sì mọ ààlà.

Àgbàdo ga dé orúnkún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Maame Abena yọ lórí oko pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀. Kò wọlé. Ó dúró sí orí eérú, ibi tí koríko ti ń hù.

Ṣùháíbù wà nínú poro. Ó fi ìka méjì mú ewé àárín, ó fà á. Kò jáde. Ó fà á sí i. Ó le, ó fà á lọ́wọ́ padà. Ó bọ́ sí ìkejì. Kò jáde. Ẹ̀kẹta. Kò jáde.

Ọ̀kan níhà odò jáde wẹ́rẹ́.

 Ó fa igi náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó là á, ó fi àtàǹpàkò tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ pa. Ó sọ igi náà sínú àpò fún iná. Ó nawọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e.

"Ṣùháíbù!" Maame Abena ń pè é láti òkè. "Ṣé ó dúró?"

Kò gbé orí sókè.

"Maame, mo ṣì ń fà á."